Àwòrán Àwọn Tó Rì

Ìtàn àwọn tó rì sínú òkun ni Ọláṣẹ̀hìndé ń sọ lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ sọnù.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí ìjọ wọn fi ń kọ́ àwọn ajíhìnrere wà ní Kudenda, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ìdajì wọn ti kógbá sílé. Eruku ti bo pátákó ìkọ̀wé débi pé ẹfun kò hàn lára rẹ̀ mọ́. Ọmọ Kábbà ni Ọláṣẹ̀hìndé, àmọ́ Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Ọdún Kérésì nìkan ló ń gbé e délé. Ohun tó kà ní yunifásítì ni ọgbọ́n àwọn ará Gíríkì àtijọ́: ohun tí wọ́n rò nípa ikú, nípa ìwà rere, nípa àwọn òrìṣà wọn. Nígbà tó parí, kò sí ibi iṣẹ́ kan ní gbogbo ìlú tó ń wá ẹni tó mọ ohun tí àwọn ará Áténì ń jà lé lórí kí wọ́n tó bí Jésù. Ìjọ ló gbà á. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí àwọn kèfèrí ṣe ń ronú, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe fún wọn lésì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn arúgbó oníjà yẹn, ojú rẹ̀ á là, èèyàn á rò pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n.

"Bí atukọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ìjì," ló ń sọ, "á gbé àwòrán lọ sí ojúbọ òrìṣà, á fi kọ́ ara ògiri, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òrìṣà gbọ́ àdúrà òun. Ọjọ́ kan ni wọ́n mú ọkùnrin kan wọ ibẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìgbàgbọ́. Wọ́n ní, 'Ìwọ tó o ní òrìṣà kì í bójú tó ènìyàn, wo àwòrán àwọn tí wọ́n gbà là, wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.' Ọkùnrin náà wo ògiri yíká. Ó ní, 'Mo rí wọn. Àwòrán àwọn tó gbàdúrà tí wọ́n sì rì ńkọ́? Ibo lẹ kọ́ ọ sí?'"

Alàgbà Adédàpọ̀ tó ń ta páátì mọ́tò, tó jẹ́ pé òun ló dàgbà jù nínú wọn, ló fọhùn.

"Tíṣà, àwọn tó rì kò lè ya àwòrán. Ọwọ́ wọn ti tutù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọláṣẹ̀hìndé náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ọkùnrin náà ń sọ gan-an nìyẹn, Bàbá."

"Abọ̀rìṣà ni wọ́n jàre. Tiwa kì í tòògbé."

"Ó dáa, ẹ gbọ́ ti Sọ́kírátíìsì. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé kò bọ òrìṣà ìlú. Lẹ́nu ọ̀nà kóòtù níbẹ̀, ó pàdé ẹnìkan tó ní òun mọ ohun tí òrìṣà ń fẹ́. Ó bi í pé: ṣé ohun rere di ohun mímọ́ nítorí pé òrìṣà fẹ́ràn rẹ̀ ni, àbí òrìṣà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ti mọ́ kí wọ́n tó rí i?"

"Kí ni wọ́n wá fi í ṣe?"

"Wọ́n fún un ní májèlé mu."

"Ẹ ò rí i!" Alàgbà Adédàpọ̀ pàtẹ́wọ́. "Tíṣà, ẹ rọra béèrè o. Ọ̀fun yín la fẹ́."

Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán nílẹ̀ tí fóònù fi dún. Martha, ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá Iyìolúwa, ṣé Màmá wá bá yín níbẹ̀?"

*

Màmá Lois, ìyá tó bí Ọláṣẹ̀hìndé, ti dé ọjọ́ orí tí àná máa ń jábọ́ lọ́kàn ènìyàn, tí àtijọ́ sì ń dúró digbí. Aránṣọ ni wọ́n. Badarawa, ní òdì kejì odò, ni wọ́n ti ránṣọ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, aṣọ ilé ìwé ọmọ Mùsùlùmí, aṣọ ilé ìwé ọmọ Kìrìsìtẹ́nì. Ní ọdún 2000, nígbà tí ìjà ẹ̀sìn la ìlú sí méjì, tí odò di ààlà, aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n gbé kúrò níbẹ̀. Wọ́n ta ilé náà fún ẹni tó rà á, ẹni náà sì wó o, ó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nasarawa ni ìdílé náà wá fìdí kalẹ̀ sí. Màmá kò tún ní maṣíìnì ìránṣọ, àmọ́ ọwọ́ wọn kò gbàgbé. Bí wọ́n bá jókòó, ìka wọn á máa ti abẹ́rẹ́ tí kò sí níbẹ̀ wọlé, á máa yọ ọ́ jáde.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn, ìrọ̀lẹ́ kì í lọ kí wọ́n má de ìró wọn mọ́dìí gírígírí.

"Ó tó o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Màmá, ilé lẹ wà yìí."

"Ilé ta ni? Ẹ ṣé o, ẹ ti ṣe wá lálejò dáadáa. Ọlọ́run yóò san án fún yín."

Martha ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń bu ẹ̀kọ mímu sí wọn lẹ́nu. Kò sí ọmọ bíbí tí ì bá tọ́jú wọn tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ọkà lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ó rò pé òun ti ti géètì. Nígbà tó dé, géètì ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì.

Ọláṣẹ̀hìndé mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń lọ. Ó sọdá afárá lọ sí Badarawa, ó lọ bá Rashidat. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kàdúná ni Rashidat. Ògiri kan náà ni ilé tiwọn àti ilé Màmá jọ ń lò láyé ọjọ́un, Màmá ló sì rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún lójú títì," ni Rashidat wí. "Wallahi, a máa rí wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣe cìgìyà."

Ìyẹn ni ìkéde ẹni tó sọnù, bí àwọn Hausa ṣe ń ṣe é. Kò tíì ṣú tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àdúgbò fi ń pe orúkọ Màmá Lois ní èdè Hausa: arúgbó obìnrin, Yorùbá, pupa, ìró búlúù, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kéde rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbé e lẹ́nu, rédíò gbé e. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnìkan fún wọn ní kòsé, àkàrà àwọn Hausa, jẹ ní Kàwó. Ẹlòmíràn rí wọn níbi tí wọ́n ti ń yá oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan. Màmá ń súnmọ́ ilé. Ó kàn jẹ́ pé ilé náà ni kò sí mọ́.

*

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Nínú ìjọ wọn, a kì í dúró kí ọwọ́ tẹ nǹkan kí a tó dúpẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́ ìgbàgbọ́ ni Pásítọ̀ Elijah ń pè é. Ẹni tí kò níṣẹ́ á gun pẹpẹ, á dúpẹ́ pé òun ti níṣẹ́. Àgàn á fi ọ̀já gba ẹ̀yìn òfo, á jó yí ìjọ ká. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: o kò gbọdọ̀ fi "bóyá" sí i. O kò sì gbọdọ̀ sọ pé ìgbàgbọ́ lo fi ń sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́ bí ohun tó ti ṣẹ. Ọlọ́run fẹ́ràn ẹnu bẹ́ẹ̀.

Martha kò tíì jẹun gidi láti ọjọ́ géètì yẹn. Ó dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Pásítọ̀.

"Ẹ bá mi yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Màmá wa ti dé! Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé! Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, irun orí wọn kan kò bọ́!"

Ìjọ gbiná. Iyìolúwa, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní pólì, na fóònù sókè, ó ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọláṣẹ̀hìndé jókòó lórí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkọ̀ ṣì wà lójú òkun, wọ́n ti ń gbé àwòrán kọ́. Ó fẹ́ dìde. Àmọ́ Martha ti ń sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ, ó dà bí ojú ọmọdé tó sunkún sun. Ta ni yóò fọwọ́ kan irú ojú bẹ́ẹ̀? Ó jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ìjọ pariwo "Àmín", ètè rẹ̀ náà mì.

Fídíò náà rìn ju Màmá lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti sọdá odò. Rashidat rí i lórí Wasáàpù, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Martha: "Alhamdulillah! Àǹtí Martha, ṣé lóòótọ́ ni?" Martha tẹ "Àmín, wọ́n ti dé" padà fún un. Kí ni ì bá sọ? Bó bá sọ òmíràn, ó ti ba ọpẹ́ jẹ́. Rashidat lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará mọ́ṣáláṣí, wọ́n dá cìgìyà dúró, òun náà sì wọ mọ́tò lọ sí Zaria lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ yìí.

Ọláṣẹ̀hìndé kò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí. Ilé ìwòsàn kan sí òmíràn ló ń wọ̀ láàárín ìgbà yẹn, ó ń wo ojú àwọn arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ọjọ́rùú ló tó padà sí Badarawa. Àwọn ọkùnrin mélòó kan ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, igi òfo tí wọ́n fi gbé òkú lọ wà léjìká wọn. Ó yà fún wọn lọ́nà, ó kí wọn kú àfẹ́kù ní Hausa, wọ́n sì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó dúró títí wọ́n fi kírun ọ̀sán tán, ó ń retí orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn dún kẹ́rẹ́, ó sì dákẹ́.

Ó bi oníkẹ̀kẹ́ kan tó wà nítòsí. "Cìgìyà ìyá Yorùbá yẹn ńkọ́?"

"Kai, Màlámù, o kò gbọ́? An gan ta!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù. "Wọ́n ti rí i. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ rèé, ó ń jó."

Ọláṣẹ̀hìndé wo Martha tó ń jó nínú ọwọ́ àjèjì.

*

"Ẹ má sọ ọ́," ni Martha ń wí. "Mo bẹ̀ yín, Bàbá Iyìolúwa. Ẹ má fi ẹnu yín tú u."

"Wọn kò wá Màmá mọ́, Martha. Láti ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí wa ni."

"Ọlọ́run ń wá wọn."

"Rashidat ló ń wá wọn! Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló ń wá wọn!"

"Èmi ni mi ò ti géètì!" Igbe ni Martha fi sọ ọ́, ó sì fi ìró bo ẹnu. "Bí mo bá sọ pé wọn kò dé, tí wọn kò bá wá dé, ta ló pa wọ́n? Ẹ sọ fún mi. Pásítọ̀ ní irú ọpẹ́ yìí ni Ọlọ́run fẹ́."

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́ irọ́, ṣé irọ́ ti di mímọ́ nìyẹn?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀. Kì í ṣe kíláàsì ló wà. Ìyàwó rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Kí Pásítọ̀ Elijah tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ọláṣẹ̀hìndé ti di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

"Ìyá mi kò tíì dé," ló wí. "Ẹ̀rí tí a jẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn, ẹ jọ̀ọ́."

Ìjọ hó yèè. "Olúwa má jẹ̀ẹ́!" ni obìnrin kan ń pariwo. Martha kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

"Gbé ọ̀rọ̀ náà mì, Arákùnrin," ni Pásítọ̀ wí jẹ́jẹ́, ó ń na ọwọ́. "Ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn! Àìgbàgbọ́ ni kò jẹ́ kí àwọn mìíràn dé Ilẹ̀ Ìlérí."

"Tíṣà!" Alàgbà Adédàpọ̀ ti dìde. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Májèlé lẹ ń tọrọ yìí o."

Iyìolúwa ló rìn wá síwájú, fóònù rẹ̀ lókè. Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ nílé, Hausa ló fi ń dáhùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Daddy," ló wí, "ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ ní Hausa, kí àwọn ará òdì kejì odò lè gbọ́."

Ọláṣẹ̀hìndé tún un sọ ní Hausa.

*

Rashidat rí fídíò tuntun yìí ní Zaria, ó sì dé lọ́jọ́ kejì. Kò tíì di ọ̀sán tó fi pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀."

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ilham ló jókòó ti Rashidat nígbà tí Ọláṣẹ̀hìndé débẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ Màmá ni Ilham ti ń ta kókò, ẹ̀kọ mímu àwọn Hausa, láàárọ̀. Hausa ló ń sọ, ojú ilẹ̀ ló sì ń wò bó ti ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ó bá arúgbó kan tó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó ń sọ ní Hausa tó dán mọ́rán pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ilé òun ni. Eruku ti sọ ìró rẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ọyẹ́ sì ti wọ̀ ọ́ láyà, ó ń wúkọ́. Ilham mú un wọlé. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò bóyá òun ni wọ́n ń kéde rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní rárá, ìyẹn ti délé, wọ́n ti rí fídíò rẹ̀. Pé Yorùbá sì nìyẹn, Hausa ni eléyìí ń sọ.

"Ọwọ́ wọn ńkọ́?" ni Ọláṣẹ̀hìndé béèrè.

Ilham gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ó mú abẹ́rẹ́ tí kò sí níbẹ̀, ó tì í wọlé, ó yọ ọ́ jáde.

Ìdájí Ọjọ́rùú ni Màmá Lois kú. Àwọn obìnrin àdúgbò wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn, àwọn ọkùnrin kírun sí wọn lára, wọ́n sì gbé wọn lọ sin kí oòrùn tó mú. Àgbàlagbà tó ṣáájú wọn lọ síbi ìsìnkú ló mú Ọláṣẹ̀hìndé lọ síbẹ̀. Ebè yẹpẹ pupa ni, yẹpẹ náà kò tíì gbẹ dénú.

"A gbọ́ tí wọ́n ń pe Allah," ni bàbá náà wí. "Títí ẹ̀mí fi bọ́. A kò mọ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n."

"Bí wọ́n ṣe máa ń pe Ọlọ́run nìyẹn, Bàbá, bí wọ́n bá ń sọ Hausa."

"Ohun tí a rò pé Ọlọ́run fẹ́ ni a ṣe. Bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé wọn lọ, ẹ sọ."

Ọláṣẹ̀hìndé wo ebè náà. Ó rò ó wò pé nígbà tí Ilham ṣílẹ̀kùn, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá Ọlọ́run fẹ́ ẹ. Arúgbó kan ń wúkọ́, ó sì mú un wọlé. Ó rántí igi òfo tó yà fún lọ́nà. Ó jókòó sórí yẹpẹ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ilé ni wọ́n ń bọ̀."

Ilham gbé ìborùn Màmá fún un. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a.

*

Nígbà tí Martha rí ìborùn náà, kò béèrè ohunkóhun. Ó gbà á, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní Màmá, ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ bí ìṣe wọn: ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tí kò kú nínú jàǹbá, ẹni tó ti níṣẹ́ nípa ìgbàgbọ́. Alàgbà Adédàpọ̀ ló ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gòkè. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́. Nígbà tó kan Ọláṣẹ̀hìndé, ó na apá dí i lọ́nà.

"Tíṣà, ẹ kú ará fẹ́ra kù. A bá yín kẹ́dùn. Àmọ́ ìlà ẹ̀rí rèé."

"Ẹ̀rí ni mo fẹ́ jẹ́, Bàbá."

"Ẹ̀rí kí ni? Ṣé ẹ rò pé Pásítọ̀..." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ronú iṣẹ́ yín."

"Ẹ sọ pé àwọn tó rì kò lè ya àwòrán, pé ọwọ́ wọn ti tutù." Ọláṣẹ̀hìndé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí i, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ lára wò. "Tèmi ṣì gbóná."

Alàgbà Adédàpọ̀ wo ọwọ́ náà. Ó wẹ̀yìn wo Pásítọ̀, tó ti ń mi orí. Lẹ́yìn náà ló yà fún un.

Ọláṣẹ̀hìndé gun orí pẹpẹ. Ó rí Iyìolúwa. Ó rí Martha lẹ́yìn pátápátá, ìborùn Màmá lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ rẹ̀.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ló wí, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ dáhùn, nítorí ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Ó dúró títí ariwo náà fi rọlẹ̀ dé orí ẹnìkan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn.

"Orúkọ ìyá mi ni Lois," ló wí. "A gbàdúrà. Wọn kò dé."